Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí a ṣe fún fódà ilé pọ̀, tí a sì sọ ọ́ di àdììtú

Fódà kan ló wà nílẹ̀, `iwe-ile` lorúkọ rẹ̀. Ìwé ìdánimọ̀ tí a ti fi sikánà yà sí PDF wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ owó, lẹ́tà, fọ́tò àti fídíò. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń lé ni pé kí fódà náà di ẹrù tó ṣeé gbé sórí dísíìkì ìta àti fílááṣì. Ẹni tó bá rí fílááṣì náà he kò gbọdọ̀ lè ka ohunkóhun nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mọ orúkọ fáìlì kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ín sì gbọ́dọ̀ lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kó bá gbogbo báìtì pé.

Irinṣẹ́ tí a lò: kọ̀ǹpútà Linux tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, 7-Zip (tó ń fún fáìlì pọ̀, tó sì ń tì í), `sha256sum` (tó ń tẹ òǹtẹ̀ fáìlì), `par2` (tó ń tún fáìlì tó bàjẹ́ ṣe), `gpg` (tó ń sọ fáìlì di àdììtú), dísíìkì ìta kan, fílááṣì kan, àti dáìsì márùn-ún. Iṣẹ́ tí dáìsì wá ṣe níbẹ̀ á hàn tó bá yá. Ẹni tó bá ń lo Windows lè lo àwọn àṣẹ 7-Zip wọ̀nyí bí wọ́n ṣe wà, àfi kó yọ àmì `'` kúrò.

Iṣẹ́ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Ètò kan náà ló sábà ń fún fáìlì pọ̀ tó tún ń tì í, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé nǹkan kan náà ni. Fífún pọ̀ ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tún ara rẹ̀ sọ, ó sì ń gé àtúnsọ náà kúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ètò náà ló lè tú u. Sísọ di àdììtú ní tirẹ̀ kì í gé nǹkan kan kúrò: ó ń fi kọ́kọ́rọ́ da báìtì rú débi pé ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò ní rí ìlànà kankan dì mú nínú rẹ̀. Orúkọ yẹn bá a mu gan-an, ohun tí a dì tí kò ṣeé tú. Zip tí kò ní páswọ́ọ̀dù, gbangba ló wà, bó ti wù kó há tó.

Ká tó fọwọ́ kan fódà gangan, a dán ìfúnpọ̀ wò lórí fáìlì méjì tí a mọ ohun tó wà nínú wọn dájú:

```
dd if=/dev/zero of=odo.bin bs=1M count=100
dd if=/dev/urandom of=rudurudu.bin bs=1M count=100
gzip -k odo.bin rudurudu.bin
ls -l *.bin *.gz
```

Fáìlì méjèèjì jẹ́ báìtì 104,857,600. Òdo nìkan ló kún `odo.bin`, nítorí náà gzip sọ ọ́ di nǹkan bíi 100 KB. Kò lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, torí DEFLATE tí gzip ń lò kò lè fún nǹkan pọ̀ kọjá bíi 1,032 sí 1. `rudurudu.bin`, tí báìtì aláìnílànà kún, kò dín rárá. Ṣe ló tilẹ̀ fi díẹ̀ tóbi sí i, torí gzip gbọ́dọ̀ kọ àkọlé tirẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí bí ọgbọ́n ìfúnpọ̀ ṣe lè pọ̀ tó tó lè yẹ èyí sílẹ̀. Bí ètò kan bá lè dín gbogbo fáìlì tó wà láyé kù, fáìlì méjì tó yàtọ̀ síra yóò di fáìlì kékeré kan náà níbì kan, nígbà tí a bá sì fẹ́ tú u, a ò ní mọ èyí tó yẹ kó jáde nínú méjèèjì.

Bí àtúnsọ ṣe ń di nọ́ńbà

Abraham Lempel àti Jacob Ziv ló gbé ìlànà LZ77 jáde ní 1977, òun ló sì wà nídìí zip, gzip, PNG àti 7z títí di òní. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

owó oṣù yìí, owó oṣù tó kọjá, owó oṣù tó ń bọ̀

Nígbà tí ètò náà bá dé «owó oṣù » ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò ní kọ ọ́ mọ́. Yóò kọ nọ́ńbà méjì: padà sẹ́yìn báìtì 19, da báìtì 12 kọ. Báìtì 12 ni, kì í ṣe lẹ́tà 12: nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sí báìtì, «ó» àti «ù» jẹ́ báìtì méjì-méjì, «ṣ» jẹ́ mẹ́ta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohun tó bára mu gùn sí i, láti orí àmì kọ́mà títí dé ẹ̀yìn «tó»: padà sẹ́yìn 25, da 18 kọ. Àdàkọ kan nínú DEFLATE kò lè kéré sí báìtì 3 tàbí kó ju 258 lọ, kò sì lè wo ẹ̀yìn kọjá báìtì 32,768. Lẹ́yìn náà, ìlànà tí David Huffman tẹ̀ jáde ní 1952 yóò wá fún àmì tó bá ń yọjú lemọ́lemọ́ ní kóòdù kúkurú, yóò sì fún èyí tó ṣọ̀wọ́n ní kóòdù gígùn.

Èyí dára fún àwa tí à ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì. Lẹ́tà «ọ̀» kan ṣoṣo lè gba báìtì 5, fáìlì wa sì máa ń tóbi ju bí a ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n báìtì kan náà ló ń bẹ̀rẹ̀ «ọ», «ẹ» àti «ṣ», àtúnsọ sì ni oúnjẹ ìfúnpọ̀. Púpọ̀ nínú ìwọ̀n tí àmì fi kún fáìlì ni yóò padà lọ nígbà tí a bá fún un pọ̀, nítorí náà kò sídìí láti tìtorí ààyè yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀.

LZMA tí 7-Zip ń lò ń wo ẹ̀yìn jìnnà ju DEFLATE lọ fíìfíì. Nínú iṣẹ́ yìí a fún un ní 64 MB dípò 32 KB. Àtúnsọ tí zip kò ní rí, torí pé ó wà nínú lẹ́tà mìíràn lápá ibòmíràn nínú fódà, LZMA á rí i.

Yíya ohun tó ṣeé fún pọ̀ sọ́tọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi àkókò ṣòfò nìyí. JPEG, MP4 àti MP3 ti di fífún pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Bí a bá tún fún wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kọ̀ǹpútà á gbóná fún wákàtí kan, èrè rẹ̀ kò sì ní tó nǹkan. Zip ni fáìlì .docx àti .xlsx fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lè ṣe `head -c 2 leta.docx`: «PK» ló máa jáde, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz tó dá ìlànà ZIP sílẹ̀ ní 1989. Ohun tó ń dín kù gan-an ni fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, CSV, àwòrán BMP, àkójọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fáìlì dátábéèsì.

Nítorí náà àpò méjì la ṣe, ọ̀kan tí a fún pọ̀ dáadáa, ọ̀kan tí a kàn dì. Ká tó ṣe wọ́n, a tẹ òǹtẹ̀ gbogbo fáìlì (nọ́ńbà gígùn tí SHA-256 ń ṣírò láti inú báìtì fáìlì, tó máa yí padà bí báìtì kan bá yí padà), láti inú fódà tó gbé `iwe-ile` dání:

```
find iwe-ile -type f -print0 | sort -z | xargs -0 sha256sum > onte.txt
```

Lẹ́yìn náà:

```
7z a -t7z -m0=lzma2 -mx=9 -md=64m -mmt=2 -mhe=on -p -ssc- '-xr!*.jpg' '-xr!*.mp4' iwe.7z iwe-ile onte.txt
7z a -t7z -mx=0 -mhe=on -p -ssc- aworan.7z '-ir!iwe-ile/*.jpg' '-ir!iwe-ile/*.mp4'
```

Àlàyé wà fún gbogbo rẹ̀. `-md=64m` ni ìwọ̀n ìwòyìn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń jẹ tó 700 MB RAM nígbà tí a bá ń fún fáìlì pọ̀, bí a bá sì jẹ́ kí gbogbo ojú iṣẹ́ (core) kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè di ìlọ́po mélòó kan, kí ètò wá dúró pẹ̀lú `Can't allocate required memory`. `-mmt=2` ló dá a dúró sí ibi tí RAM 4 GB lè gbà. Láti tú u, díẹ̀ ju 64 MB lọ ló nílò, nítorí náà kọ̀ǹpútà tó ti gbó náà á lè ṣí i.

`-ssc-` ní kó má fìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré. Láìsí i, lórí Linux, `*.jpg` kò ní mú `DSC01.JPG`, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló sì ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Fọ́tò yẹn á wọ àpò tí kò yẹ. Àmì `'` tó yí `-xr!` ká kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Nínú bash, ètò tó ń gba àṣẹ lórí Linux, `!*` túmọ̀ sí «gbogbo ohun tó tẹ̀lé àṣẹ tí mo pa kẹ́yìn». Bí àmì náà kò bá sí níbẹ̀, bash á ki ọ̀rọ̀ mìíràn bọ àárín àṣẹ, 7-Zip á sì di ohun tí a ò ní kó dì.

`-p` dúró láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ètò fúnra rẹ̀ á béèrè páswọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá kọ ọ́ pọ̀ mọ́ `-p` ti fi í sílẹ̀ sínú `.bash_history`, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí kọ̀ǹpútà náà ti lè kà á, ó sì lè hàn nínú àkójọ `ps` nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

`-mhe=on` ló ń bo orúkọ fáìlì. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn, àmọ́ ó kọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá sára ògiri ìta. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí `onte.txt` wọnú àpò: orúkọ gbogbo fáìlì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní gbangba lórí fílááṣì, iṣẹ́ `-mhe=on` ti bàjẹ́. Ẹni tó bá tiẹ̀ ní ẹ̀dà ìwé kan tẹ́lẹ̀ lè fi òǹtẹ̀ náà mọ̀ dájú pé a ní irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ló dé tí fífún pọ̀ fi ń ṣáájú

Èyí kò nílò ìgbàgbọ́, ẹ dán an wò pẹ̀lú fáìlì ọ̀rọ̀ kan:

```
gpg -c --cipher-algo AES256 --compress-algo none -o leta.gpg leta.txt
gzip -k leta.txt
gzip -k leta.gpg
ls -l leta*
```

`leta.txt.gz` á kéré dáadáa. `leta.gpg.gz` á dúró sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ tàbí kó fi díẹ̀ ga. Àdììtú tó dára máa ń dà bí `rudurudu.bin`, kò sì sí àtúnsọ tí gzip lè rí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí àpò «aládììtú» tó ṣì lè dín kù lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í, kó fura sí ètò tó tì í. 7-Zip mọ ètò yìí fúnra rẹ̀, ó máa ń fún fáìlì pọ̀ ná kó tó tì í. Ẹni tó bá ń so àṣẹ pọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Ibì kan wà tí ìlànà yìí ti dá wàhálà sílẹ̀, ìyẹn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2012, Juliano Rizzo àti Thai Duong fi ìkọlù CRIME hàn. Ẹni tó bá lè ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, tó sì lè wo ìwọ̀n ohun tó jáde lẹ́yìn ìfúnpọ̀, lè mọ àṣírí náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo ìgbà tó bá méfò rẹ̀ tọ̀nà ni ìfúnpọ̀ á rí àtúnsọ, tí ìwọ̀n á sì dín. Àpò tó jókòó sórí dísíìkì ilé kò sí nínú ewu yìí, torí kò sí ẹni tó ń ti ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún.

Zip tàbí 7z

A kọ zip sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí ìdí rẹ̀ yé gbogbo ẹni tó ń fi páswọ́ọ̀dù sí zip. Àdììtú àtijọ́ inú zip, tí wọ́n ń pè ní ZipCrypto, ti fọ́ láti 1994, nígbà tí Eli Biham àti Paul Kocher tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mọ báìtì 12 péré nínú fáìlì kan tó wà nínú àpò náà, ó lè rí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ gbà láìmọ páswọ́ọ̀dù. Gígùn páswọ́ọ̀dù kò ràn án. Báìtì 12 kò sì ṣòro láti mọ̀: báìtì 16 àkọ́kọ́ nínú gbogbo fáìlì PNG, ọ̀kan náà ni. Bí PNG kan bá wà nínú zip náà láìjẹ́ pé a fún un pọ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí.

Àṣẹ `zip -e` orí Linux àti macOS, ZipCrypto ló ń lò. 7-Zip fúnra rẹ̀, bí a bá yan zip láìsọ ohun mìíràn, ZipCrypto náà ni yóò lò, àfi tí a bá kọ `-mem=AES256`, ìyẹn àdììtú AES tó lágbára. Láti mọ èyí tó wà nínú zip tó ti wà nílẹ̀, ẹ ṣe `7z l -slt apo.zip`, kí ẹ wo ìlà `Method`. Bí `ZipCrypto Deflate` bá jáde, ẹ tún un dì lónìí. Kódà pẹ̀lú AES, zip ṣì ń fi orúkọ fáìlì, ọjọ́ àti ìwọ̀n hàn gbogbo ayé.

Ní ti `iwe.7z`, àṣẹ yẹn á béèrè páswọ́ọ̀dù kó tó fi ohunkóhun hàn, lẹ́yìn náà yóò sọ `LZMA2:26 7zAES:19`. 26 túmọ̀ sí 2^26 báìtì, ìyẹn 64 MB wa. 19 túmọ̀ sí pé ìṣirò SHA-256 yóò yí páswọ́ọ̀dù ká ní ìgbà 2^19, ìyẹn ìgbà 524,288, kó tó di kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ ọ́n lára, ìṣẹ́jú àáyá kan kò pọ̀. Ẹni tó ń méfò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ san iye yẹn lórí gbogbo méfò kọ̀ọ̀kan.

Ìkùdíẹ̀-káàtó kan wà tí a kò gbọdọ̀ pa mọ́: 7z kì í pa orúkọ oní-fáìlì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ lórí Linux. Fún lẹ́tà àti fọ́tò, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Fún fódà ètò bíi `/etc`, ó máa ba nǹkan jẹ́. Irú ìyẹn yẹ kó gba ọ̀nà yìí:

```
tar -c fodà-eto | zstd -19 | gpg -c --cipher-algo AES256 --compress-algo none -o eto.tar.zst.gpg
```

Páswọ́ọ̀dù, àti ọ̀rọ̀ àmì ohùn

Joan Daemen àti Vincent Rijmen ará Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe AES, Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di ìlànà àjùmọ̀lò ní 2001. Kọ́kọ́rọ́ bíìtì 256 rẹ̀ kì í ṣe ibi tí olè ń gbà wọlé. Páswọ́ọ̀dù lolè ń gbà. Lẹ́tà kékeré mẹ́jọ tí a ṣà láìnílànà jẹ́ ọ̀nà 208,827,064,576. Iye yẹn dà bí ẹni pọ̀, ṣùgbọ́n bíìtì 38 ni kò tó (bíìtì kọ̀ọ̀kan ń sọ iye ọ̀nà di ìlọ́po méjì). Orúkọ ọmọ àti ọdún ìbí kéré sí ìyẹn jìnnà.

Ibi tí dáìsì ti wúlò nìyí. Ìlànà Diceware, tí Arnold Reinhold gbé jáde ní 1995, ń lo àkójọ ọ̀rọ̀ 7,776, nítorí dáìsì márùn-ún ní ọ̀nà 7,776 láti balẹ̀. Ẹ da dáìsì márùn-ún, ẹ ka nọ́ńbà wọn, ẹ mú ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà fún wa ní bíìtì 77 ó lé díẹ̀. Ẹ má ṣe ṣà á tún, ẹ má sọ pé «èyí kò dùn ún kà». Ìgbà tí ọkàn bá ti yan ọ̀rọ̀, ìṣirò yẹn ti já.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe àkójọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ gbogbo àmì kúrò lórí wọn ná, kó tó kà wọ́n. Oko, ọkọ, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di `oko` kan ṣoṣo lẹ́yìn náà. `sort -u akojo.txt | wc -l` gbọ́dọ̀ fi 7776 hàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí nìdí tí a fi ń yọ àmì? Nítorí «ọ» lè jẹ́ nǹkan méjì. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ọ́ ní àmì ẹyọ kan, U+1ECD. Òmíràn á kọ «o», á sì fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Ètò ìtìlẹ̀kùn mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ pátápátá sì ni lójú rẹ̀. Páswọ́ọ̀dù tí a tẹ̀ lórí fóònù lè má ṣí àpò tí a tì lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó ni ín máa búra pé òun kò gbàgbé, òótọ́ ló sì ń sọ. Ohun tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé kò sí ìkìlọ̀ kankan nígbà tí a ń tì í. Lẹ́tà a sí z lásán, pẹ̀lú ààyè láàárín ọ̀rọ̀, ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. (Orúkọ fáìlì tó ní àmì kò ní ìṣòro nínú 7z. Àwọn zip àtijọ́ ló máa ń sọ «Ẹ̀kọ́» di jágbajàgba.)

A kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí bébà méjì, a sì tọ́jú wọn sí ibi méjì. Bébà kò gbọdọ̀ bá fílááṣì wà nínú báàgì kan náà. Kò sí «mo ti gbàgbé» nínú iṣẹ́ yìí, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó lè bá wa ṣí i.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kí a tó pa ohunkóhun rẹ́

`7z t iwe.7z` gbọ́dọ̀ parí sí `Everything is Ok`. Ìyẹn fi hàn pé àpò náà pé, kò fi hàn pé gbogbo fáìlì wà nínú rẹ̀. Fún ìyẹn, a tú àpò méjèèjì sí ibòmíràn, a sì fi òǹtẹ̀ wé wọn:

```
7z x iwe.7z -oidanwo
7z x aworan.7z -oidanwo
cd idanwo && sha256sum -c --quiet onte.txt
```

Kò sí ààyè láàárín `-o` àti orúkọ fódà. `x` ni, kì í ṣe `e`: `e` máa ń da gbogbo fáìlì sí ojú kan láìsí fódà, àwọn tó bá sì jọ orúkọ á máa du àyè kan náà. Bí `sha256sum` bá dákẹ́ láìsọ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ ti pé. Fáìlì tí kò sí níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí `-xr!` yọ kúrò nínú àpò kìíní tí `-ir!` kò sì mú sínú èkejì. Irú rẹ̀ ni ẹni tó kọ `*.mp4` sí àṣẹ kan, tó gbàgbé rẹ̀ nínú èkejì.

Fílááṣì tí a ṣètò sí FAT32 (ìlànà ìtọ́jú fáìlì àtijọ́) kò gba fáìlì kan tó bá dé 4 GiB. Bí `aworan.7z` bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi `-v4000m` kún àṣẹ, yóò gé e sí .001, .002 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìyókù kò wúlò mọ́, nítorí náà exFAT ló sàn bí a bá lè yàn án.

Lẹ́yìn tí a bá ti da àpò kọ sórí fílááṣì, ẹ pa `sync`, ẹ yọ fílááṣì, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi `sha256sum` wé e. Bí a kò bá yọ ọ́, inú RAM ni kọ̀ǹpútà lè ti kà á, fílááṣì tó ti bàjẹ́ á sì dà bí èyí tó dára.

Báìtì kan tó bàjẹ́

Ẹrù tí a fún pọ̀ kò ní ìfaradà. Nínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, báìtì kan tó yí padà ba lẹ́tà kan jẹ́. AES inú 7z máa ń mú kó tàn dé báìtì 16 àti báìtì kan nínú 16 tó tẹ̀lé e, ìyẹn kò tíì burú. Ìfúnpọ̀ ló ń pani lára: ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ń wo ẹ̀yìn sí ohun tó ti bàjẹ́, 7z sì máa ń so ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ di ìdì kan. Yàtọ̀ sí èyí, ìpẹ̀kun fáìlì ni àkójọ orúkọ 7z wà. Àpò tí ìdàkọ rẹ̀ já lágbede-méjì kò ní ṣí rárá.

```
par2 create -r10 iwe.7z
par2 create -r10 aworan.7z
```

Èyí fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìwọ̀n, ó sì lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe títí dé bíi ìwọ̀n yẹn, pẹ̀lú `par2 repair iwe.7z.par2`. Àpò tó ti ní àdììtú la ṣe é fún, nítorí náà fáìlì par2 fúnra wọn kò tú àṣírí kankan.

Ẹ̀dà gbangba tó ṣẹ́kù

Ibí ni àpò aládììtú kò ti tó. `iwe-ile` gangan àti `idanwo` ṣì wà lórí dísíìkì. Lórí SSD (dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú), `shred`, àṣẹ tó ń kọ nǹkan mìíràn lé fáìlì lórí, kò lè ṣèlérí ohunkóhun, torí dísíìkì náà ń pín ìkọ̀wé káàkiri kí ibì kan má baà tètè gbó. Ohun tí a kọ lé fáìlì lórí lè balẹ̀ sí ibòmíràn, kí èyí àtijọ́ ṣì wà. Bákan náà, bí a bá tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì nínú fèrèsé 7-Zip láti wò ó, Temp ni ètò máa tú u sí ná. Àwòrán kékeré tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan náà kì í bá fọ́tò lọ.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí dísíìkì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti di àdììtú ṣáájú kí ìwé tó dé ibẹ̀: LUKS lórí Linux, FileVault lórí macOS, BitLocker lórí Windows. Kí a tẹ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà BitLocker, tó ní ẹyọ nọ́ńbà 48, sórí bébà. LUKS ní tirẹ̀ ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì, tí wọ́n ń pè ní «header» (orí), bí orí yẹn bá bàjẹ́, páswọ́ọ̀dù tó tọ̀nà kò ní ṣí i mọ́:

```
cryptsetup luksHeaderBackup /dev/sdX --header-backup-file ori-luks.bin
```

Bí LUKS2 bá wà bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìyí nǹkan padà, fáìlì yìí jẹ́ bíi 16 MB. Ẹ fi sínú `iwe.7z`, kí ẹ sì dà á kọ sórí dísíìkì ìta. Dísíìkì aládììtú wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi nílò àpò àti dísíìkì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kù ni pé a gbé fílááṣì lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí 7-Zip nìkan wà lórí rẹ̀, a tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́fà láti orí bébà, kì í ṣe láti inú orí, a tú àpò méjèèjì, `sha256sum` sì dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ la tó pa `idanwo` rẹ́.